Igba Ènìyàn Ní í Tọ́ Ọ: Bí Òbí Ṣe Di Olùwáṣẹ́ fún Ọmọ

Nígbà tí ọmọ bá ti ilé ẹ̀kọ́ gíga dé pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́, tí ó sì ti wọ kákí àgùnbánirọ̀ sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀ fún ọdún kan gbáko, ayọ̀ tí ó gba ilé kan kì í pẹ́ kí ó tó di àníyàn. Ní oṣù kìíní, àwọn ará àdúgbò á máa kí ìyá rẹ̀ kú oríire. Ní oṣù kẹfà, wọn á máa bèèrè pé ibo ni ọ̀rọ̀ iṣẹ́ dé. Nígbà tí ọdún bá sì yípo, ìyá tí ó ti ń fi orúkọ ọmọ rẹ̀ yangàn ní ìsọ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀yìnkùlé jáde, kí ẹnikẹ́ni má baà bi í ní ìbéèrè. Nígbà náà ni òbí á dìde: bàbá á dé fìlà, ìyá á wé gèlè, wọn á mú ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí ọmọ sínú àpò, wọn á sì máa ti ilé ọ̀rẹ́ bọ́ sí ilé ojúlùmọ̀ pé ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa wo ọmọ yìí. Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé ìnira òde òní ni ó bí ìrìn yìí, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Ìrìn náà ti pẹ́, ó sì ní ìtàn. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú, ṣùgbọ́n bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn.

Ní ayé àwọn baba ńlá wa, ìdílé ni iṣẹ́ ti ń wá bá ọmọ. Ọmọ àgbẹ̀ a ro oko, ọmọ alágbẹ̀dẹ a fẹ ewìrì, ọmọ aláró a sì mọ bí a ti ń gún elú. Síbẹ̀ náà, kò sí ilé tí ó dá tó ara rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ kan náà a máa ṣe àáró: lónìí, gbogbo wọn á péjọ sí oko lágbájá, lọ́la, wọn á kọjá sí ti làmọ̀rín, títí ọwọ́ yóò fi kárí. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá pọ̀ ju ti àáró lọ a bẹ ọ̀wẹ̀, a se oúnjẹ, a pọn omi sílẹ̀ de àwọn tí ó wá ràn án lọ́wọ́. Bí ọmọ kan bá sì fẹ́ kọ́ iṣẹ́ tí kì í ṣe ti ilé bàbá rẹ̀, òbí rẹ̀ kì í jẹ́ kí ó dá nìkan lọ. Wọn á mú àgbààgbà ẹbí dání lọ bá ọ̀gá, wọn á fi ọmọ náà lé e lọ́wọ́ ní ojú ẹlẹ́rìí, ní ọjọ́ ìyọ̀ǹda, wọn á tún padà wá dúpẹ́. Nǹkan kan wà nínú ìrìn náà tí ó yẹ kí a fi ọkàn sí: bí òbí ti ń bẹ̀bẹ̀ fún àyè ni ó ń fi orúkọ ara rẹ̀ dúró fún ìwà ọmọ. Bí ọmọ bá jalè tàbí tí ó sá fi iṣẹ́ sílẹ̀, ojú bàbá ni yóò tì.

Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin láti Èkó ní 1896, tí ọkọ̀ náà sì kan Ìbàdàn ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, iṣẹ́ tuntun dé tí kò sí nínú àpò ìdílé kankan. Akọ̀wé ni wọ́n ń wá ní ilé iṣẹ́ ojú irin, ní ilé ìfìwéránṣẹ́, ní ọ́fíìsì ìjọba àti ní ilé àwọn oníṣòwò òyìnbó. Bàbá tí ó wà ní oko kòkó kò mọ ọ̀gá kan ní Márínà, kò sì lè sọ èdè tí yóò fi bá a sọ̀rọ̀. Ohun tí ó ní kò ju ará ìlú rẹ̀ tí ó ti ṣáájú dé Èkó. Ọmọ tí ó bá ti yege ní Sítáńdáàdì Síìsì á gbéra pẹ̀lú àpò iṣu àti lẹ́tà kan, á bá ẹni náà gbé nínú yàrá kan ṣoṣo tí àwọn mẹ́rin mìíràn ti ń sùn, ẹni náà á sì mú un káàkiri títí yóò fi rí iṣẹ́.

Láti inú irú yàrá bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ti ní agbára. Ní ìpàdé wọn, wọn a ka owó oṣù, wọn a sin òkú, wọn a parí ìjà, lẹ́yìn náà ni ẹnìkan á dìde sọ pé àyè kan ṣí sílẹ̀ ní ibi iṣẹ́ òun. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí i pé kí a máa wá iṣẹ́ fún ọmọ tí kò kàwé tó dà bí ìgbà tí a ń wá ọkọ fún ọmọbìnrin tí a kò tíì bí, nítorí náà wọ́n yí ojú sí ilé ìwé. Ìjẹ̀ṣà, òṣèré onílé obì, tí àwọn òṣómàáló wọn ti fi ẹsẹ̀ kó aṣọ títà dé ìlú tí bàbá wọn kò dé rí, gbára jọ nínú Ẹgbẹ́ Àtúnlùúṣe, wọ́n sì dá Ilesa Grammar School sílẹ̀ ní 1934. Ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Ọ̀fà, ọmọ Ọlọ́fà Mọjọ̀ tí ìjàkadì jẹ́ orò wọn, dá Offa Grammar School sílẹ̀ ní 1943. Àwọn tí ó dá owó fún ilé ìwé wọ̀nyí kò béèrè bóyá ọmọ tiwọn ni yóò kọ́kọ́ wọlé. Ẹlòmíràn nínú wọn kò tilẹ̀ mọ̀wé kà. Wọ́n gbà pé ẹnìkan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í tọ́ ọ.

Ní oṣù kìíní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́. Àwọn ọmọ tí ó wà ní ilé ìwé fò láti nǹkan bíi 456,000 sí iye tí ó ju 800,000 lọ láàárín ọdún kan ṣoṣo. Oríire ńlá ni, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọmọ wọ̀nyí bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, àwọn tí ń wá iṣẹ́ akọ̀wé pọ̀ ju àga tí ó wà ní ọ́fíìsì lọ. Ìjọba gbìyànjú láti mú díẹ̀ nínú wọn padà sí oko, ó sì dá àwọn ibùdó àgbẹ̀ ìgbàlódé sílẹ̀ fún wọn. Àwọn tí ó ti yunifásítì jáde ní tiwọn kò tíì mọ ìṣòro náà. Láti ìgbà tí ti Ìbàdàn ti bẹ̀rẹ̀ ní 1948, títí dé ìgbà tí ti Ifẹ̀ àti ti Èkó dara pọ̀ mọ́ ọn ní 1962, àti títí dé àkókò tí owó epo rọ̀bì ń rọ̀jò, iṣẹ́ ni ó ń dúró de wọn. Ní àkókò yẹn, tí a dá ètò àgùnbánirọ̀ sílẹ̀ ní 1973, kò sí òbí tí ó rò pé ọmọ tí ó ní ìwé ẹ̀rí dìgírì lè jókòó sílé.

Àfìgbà tí owó epo já wálẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Ní 1986, ìjọba ológun gbé ètò àtúnṣe ọrọ̀ ajé tí gbogbo ayé ń pè ní SAP kalẹ̀. Ilé iṣẹ́ ń ti ilẹ̀kùn, ìjọba kò gba ènìyàn bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ní ọdún kan náà ni ìjọba dá àjọ NDE sílẹ̀ láti máa wá iṣẹ́ fún àwọn tí kò ní i, èyí tí ó fi hàn pé ọ̀rọ̀ ti kọjá agbára ẹbí. Láti ìgbà náà ni ìrìn òbí ti yí àwọ̀ padà. Lẹ́tà tí ó ń sọ pé mo mọ ìwà ọmọ yìí di káàdì ènìyàn ńlá tí a kọ ìlà méjì sí ẹ̀yìn rẹ̀; ìròyìn tí a ń sọ ní gbangba ìpàdé di ọ̀rọ̀ etí; ìbéèrè sì di: ta ni o mọ̀? Àwọn ẹlòmíràn tilẹ̀ sọ ọ́ di ọjà, wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ òbí tí ojú ń pọ́n fún iṣẹ́ tí kò sí níbì kan. Bí a bá sì bá àwọn tí ń fi ìròyìn iṣẹ́ pamọ́ fún ọmọ tiwọn wí, òwe kan ni wọn yóò fi dáhùn: ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀, ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn.

A rí ibi tí ìyẹn gbé wa dé. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹta ọdún 2014, àwọn ọ̀dọ́ tí ó ju 500,000 lọ tò sí pápá ìṣeré káàkiri orílẹ̀-èdè yìí láti ṣe ìdánwò fún iṣẹ́ àjọ ìwọlé-wọ̀de (Immigration) tí àyè rẹ̀ kò tó 5,000. Ní Àbújá, Port Harcourt, Minna àti Benin, èrò tẹ àwọn kan pa. Ọmọ ènìyàn ni wọ́n, òbí wọn ni ó kí wọn pé ó dàbọ̀ ní ọjọ́ náà, tí kò rí wọn mọ́.

Ẹni tí ó bá rò pé fífi ìròyìn iṣẹ́ pamọ́ fún ọmọ tirẹ̀ nìkan ni ọgbọ́n, kí ó gbọ́ èyí. Ní 1973, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, Mark Granovetter, kọ̀wé lórí bí àwọn òṣìṣẹ́ ní ẹ̀bá ìlú Boston ṣe rí iṣẹ́ wọn. Ó rí i pé nínú àwọn tí ó gbọ́ nípa iṣẹ́ lẹ́nu ẹni tí wọ́n mọ̀, ó ju ìdajì lọ tí ó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń fojú kan ẹni náà. Àwọn tí ó gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ń jẹ tí wọ́n jọ ń mu kéré púpọ̀. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro: ohun tí ẹ̀gbọ́n mọ̀ ni àbúrò mọ̀, ẹni tí ó ti ojúde mìíràn wá ni í mú ìròyìn tuntun dé. Òbí tí ó bá di etí ìdílé rẹ̀ mọ́ ara wọn, ọmọ tirẹ̀ gan-an ni ó ń fi ìyà jẹ.

Inú mi dùn láti sọ pé àwọn òbí kan ti ń padà sí ọ̀nà àtijọ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sáláṣí, nínú ẹgbẹ́ ọmọ ìlú àti ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jáde, wọ́n ń kọ orúkọ àwọn ọmọ tí kò níṣẹ́ sílẹ̀, pẹ̀lú ohun tí olúkúlùkù kọ́ àti ohun tí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹni tí ó ti fẹ̀yìn tì ní ọ́fíìsì ń kọ́ wọn bí a ti ń kọ ìwé ìwáṣẹ́ àti bí a ti ń dáhùn níwájú àwọn tí ń gbani síṣẹ́. Ìyá ọlọ́jà tí kò mọ ọ̀gá kankan ń gba ọmọ ẹlòmíràn mọ́ra ní ìsọ̀, ó ń kọ́ ọ ní òwò. Bàbá tí ilé rẹ̀ súnmọ́ ilé iṣẹ́ ń gba ọmọ àlejò sùn fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, kí owó ọkọ̀ má baà jẹ owó oṣù rẹ̀ tán. Àáró ni gbogbo èyí, ìgbà ni ó kàn yí padà.

Òótọ́ ni òwe tí àwọn onímọtara-ẹni-nìkan ń pa. Kò sí ẹni tí yóò bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ ìdí ọmọ rẹ̀ fún ọmọ aládùúgbò. Ṣùgbọ́n ìlẹ̀kẹ̀ tí à ń sọ yìí, ìròyìn ni, ìròyìn kì í sì í tán nítorí pé a pín in. Ẹni tí ó sọ fún mi pé àyè ṣí kò gba àyè náà fún mi. Ó kàn ṣí ilẹ̀kùn kí èmi àti ọmọ rẹ̀ jọ dúró síbẹ̀, kí ẹni tí iṣẹ́ yẹ sì wọlé.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe san kọ́bọ̀ fún ẹni tí ó ní òun ń ta iṣẹ́. Ẹ má ṣe fi orúkọ yín dúró fún ọmọ tí ẹ kò mọ ìwà rẹ̀, ì báà ṣe ọmọ tí ẹ bí. Ní ìpàdé yín tí ń bọ̀, kí ẹ tó ka owó oṣù, kí ẹ tó pín ọbẹ̀, kí àgbà kan dìde nínú yín, kí ó béèrè ní ohùn rara pé: ọmọ ta ni ó wà nílé tí kò níṣẹ́? Ẹ kọ́kọ́ kọ orúkọ ọmọ tí kò ní ẹnìkan sílẹ̀.