Ẹnu Ló Mu Ọtí, Kí Ló Kan Etí?

Bí ẹ bá dé òde àríyá ní Wásinmi, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ewékorò, ẹ wo nǹkan kan. Bí ìgò ọtí ṣe ń pọ̀ lórí tábìlì, bẹ́ẹ̀ làwọn èèyàn ń pariwo síra wọn, tí wọ́n sì ń ní kí DJ tún gbé e sókè. Ṣé orin nìkan ló fà á? Rárá o. Ọtí náà lọ́wọ́ sí i.

Lọ́dún 2007, àwọn dókítà kan ní London tẹ ìwádìí jáde. Wọ́n yẹ etí èèyàn 30 wò kí wọ́n tó mutí, wọ́n sì tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn tí wọ́n mu ún. Bí ọtí ṣe ń pọ̀ sí i lára wọn ni ìró gbọ́dọ̀ ṣe máa lọ sókè sí i kí wọ́n tó gbọ́ ọ. Ìró tó ń gbọ̀n nígbà 1,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ló kàn jù, bẹ́ẹ̀ òun gan-an la fi ń dá ọ̀rọ̀ mọ̀. Ẹ ò rí i pé "Kí lo wí?" kì í tán lẹ́nu ọ̀mùtí!

Kì í pẹ́ tí etí fi ń padà sípò bí ọtí bá dá lójú. Ariwo ni kì í padà lẹ́yìn èèyàn. Nínú etí lọ́hùn-ún, àwọn sẹ́ẹ̀lì onírun wínníwínní ló ń gbé ìró fún iṣan tó lọ sí ọpọlọ. Ariwo tó le ń pa wọ́n, èyí tó bá sì kú kò ní hù mọ́ láé. NIOSH, àjọ ìlera òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ní kí etí má gba ariwo 100 decibel kọjá ìṣẹ́jú 15 lóòjọ́. Ọ̀mùtí tó jókòó ti spíkà kò ní mọ̀ pé àsìkò ti kọjá.

Ewu tún wà níta. Ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta ni Wásinmi wà. Ọlọ́kadà tó ti gbé paraga mì lè má tètè gbọ́ fèrè ọkọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Inú etí kan náà ni ohun tó ń jẹ́ ká dúró láìṣubú wà, ọtí sì ń da ìyẹn náà rú. Ìdí nìyẹn tí ilé fi ń yí ọ̀mùtí lójú.

Torí náà, ẹ jìnnà sí spíkà, ẹ sì máa jáde síta kí etí sinmi díẹ̀. Bí etí bá ń hó títí dọjọ́ kejì, ẹ má ro epo gbígbóná sí i o. Ẹ lọ rí dókítà etí.