Ta Ni Ó Ń San Owó Ẹ̀rín Wa?

Bí ènìyàn bá dúró ní Igànmú, ní ẹ̀bá Surulérè, tí ó sì gbé ojú sókè, yóò rí ilé ńlá kan tí ó dà bí fìlà ọ̀gágun. Ilé eré ti orílẹ̀-èdè wa ni. Ní ọdún 1976 ni wọ́n ṣí i, ní ìmúrasílẹ̀ fún FESTAC, àjọ̀dún ńlá ti àwọn ènìyàn dúdú, tí a ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1977. Ní ọdún 2024 ni ìjọba fi orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká pè é. Ilé náà dára, ó sì yẹ ní wíwò. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé ni ó gbé wa dé ìhín lónìí, bí kò ṣe ti àwọn tí wọ́n ń ṣe eré kí a tó kọ́ ilé fún wọn. Ẹ̀bútè-Mẹ́ta kò jìnnà sí Igànmú. Níbẹ̀ ni ọlọ́pàá kan gbé wà tí ó bọ́ fìlà ìjọba sílẹ̀ nítorí eré.

Hubert Ògúndé ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀bú. Ó ti ṣe olùkọ́ rí kí ó tó di ọlọ́pàá ní ọdún 1941. Nígbà tí ó dé Ẹ̀bútè-Mẹ́ta, ó ń bá ìjọ Aládùúrà kan kọrin, ìjọ náà sì ní kí ó ṣe eré olórin kan láti fi wá owó kíkọ́ ilé Ọlọ́run. Ní oṣù kẹfà ọdún 1944, ó gbé ìtàn Ọgbà Édẹ́nì jáde ní gbọ̀ngàn Glover, ní Erékùṣù Èkó. Àwọn ènìyàn wọ́ wá, inú wọn sì dùn púpọ̀. Ní ọdún kejì rẹ̀, ó kọ̀wé fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀, ó sì dá ẹgbẹ́ òṣèré tirẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi ara balẹ̀ ro ohun tí ọkùnrin yìí ṣe. Iṣẹ́ ìjọba nìyẹn, tí owó oṣù rẹ̀ kì í yẹ̀. Ó fi í sílẹ̀ lọ gba iṣẹ́ tí àwọn òbí ìgbà náà ń pè ní iṣẹ́ alágbe. Ẹ̀gàn náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àwọn eléégún onídán tí wọ́n ń jó láti ìlú dé ìlú ní ayé àtijọ́ ni a sọ ní alárìnjó, ẹnu ẹlẹ́gàn sì ni orúkọ náà ti kọ́kọ́ jáde. A óò rẹ́rìn-ín sí wọn ní ojú agbo, a óò da owó sílẹ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n bí ọ̀kan nínú wọn bá wá tọrọ ọmọ wa fún aya, a óò ti ìlẹ̀kùn.

Nítorí náà, ọ̀ràn àtirí obìnrin kó sínú eré di ìṣòro ńlá. Ní ọdún 1946, nínú eré kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Tiger's Empire, Ògúndé gbé àwọn obìnrin jáde gẹ́gẹ́ bí òṣèré tí a ń san owó iṣẹ́ fún, ohun tí ojú kò rí rí nínú irú eré bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí bí a ó ti ṣe é: bí ọmọbìnrin bá mọ eré tán, ọkọ á dé, ọkọ á sì ní kí aya òun má tún gun orí ìtàgé mọ́. Ọgbọ́n tí ọ̀gá wá dá ni pé òun fúnra rẹ̀ ni ó ń gbé wọn níyàwó! Àwọn ìyàwó náà ju mẹ́wàá lọ. Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ni ó tọ́. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin wọ̀nyí ni wọ́n ń kọrin, tí wọ́n ń jó, tí wọ́n sì mú ẹgbẹ́ náà dúró fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún. Gbèsè ọpẹ́ tí a jẹ wọ́n pọ̀ ju èyí tí a ti san lọ.

Bí eré wọn ti rí ni èyí: orin ni a fi ń ṣí i, orin àti ijó ni a sì fi ń kádìí rẹ̀, láàárín méjèèjì ni àwàdà àti ẹ̀kọ́ wà. Nínú eré kan ní ọdún 1946, Ògúndé fi àwọn tí wọ́n ń sọ ara wọn di onígbèsè nítorí aṣọ ẹbí ṣe ẹlẹ́yà. Ẹni tí ó bá ń gbé Mushin tàbí Yaba lónìí, ẹ bi í bóyá ọ̀rọ̀ náà ti gbó. Eré tí ó ṣe lórí ìyanṣẹ́lódì ńlá ti ọdún 1945 ni ìjọba àwọn òyìnbó fòfin dè ní Jọ́ọ̀sì. Ní ọdún 1964, ìjọba tiwa-n-tiwa ní Ìwọ̀ Oòrùn tún fòfin de ẹgbẹ́ rẹ̀ nítorí Yorùbá Ronú. Ní ọdún 1948 tí wọ́n kọ́kọ́ lọ sí Gold Coast, tí a ń pè ní Gánà nísinsìnyí, àwọn ará ibẹ̀ kò gbọ́ èdè wa, òwò náà sì forí ṣánpọ́n. Wọ́n padà sílé, wọ́n tún ara mú. Ọ̀rọ̀ tí ó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín ni a fi ń rín.

Nígbà tí ó ṣe, Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀ dé, ẹni tí gbogbo wa mọ̀ sí Bàbá Sàlá. Olórin ni òun náà tẹ́lẹ̀. Nínú ẹgbẹ́ olórin rẹ̀ ni Sunny Adé gbé ń ta gìtá kí ó tó lọ dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1967. Ta ni yóò gbàgbé Bàbá Sàlá? Awò ojú rẹ̀ tóbi ju ojú lọ, táì rẹ̀ fẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀, aago tí ó yẹ kí ó wà lórí tábìlì ni ó gbé kọ́ ara. Kí ó tó ya ẹnu, àwọn ọmọdé ti ń yí gbiri nílẹ̀.

Ní ọdún 1982, ó gbé sinimá Ọ̀run Móoru jáde. Ìtàn ọkùnrin kan ni, tí àwọn ẹlẹ́tàn fi ìlérí ọrọ̀ òjijì gba ohun ìní rẹ̀. Ẹ wo bí ayé ti rí: ohun tí ó fi ṣe àwàdà ni ó ṣẹ sí i lára. Kí sinimá náà tó pa owó tí ó ná lé e lórí, àwọn olè ti ṣe ayédèrú rẹ̀, wọ́n sì ń tà á káàkiri. Ènìyàn púpọ̀ wò ó, wọ́n rín in dé ìfun. Aláwàdà alára jókòó ti gbèsè. Ó ṣe eré mìíràn lẹ́yìn èyí, ṣùgbọ́n ọgbẹ́ náà kò jinná bọ̀rọ̀. Ó fi ayé sílẹ̀ ní ọdún 2018.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wa forí lé. Àwọn àgbà wí pé, ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tí ó gbà á sílẹ̀. Àwọn tí wọ́n ṣe ayédèrú gbé epo lájà; ta ni ó gbà á sílẹ̀? Àwa ni. Àwa tí a ń kọ èyí kò ní fi ara wa pamọ́: a ti jókòó nínú yàrá rí, tí a ń wo eré tí a kò san kọ́bọ̀ lé lórí, a sì ń yin òṣèré náà ní ohùn rara. Ìyìn kì í ra gàárì.

Bí ẹnì kan bá wí pé owó ìwọlé ti pọ̀ ju agbára òun lọ, a gbọ́, a kò sì bá a jiyàn, nǹkan le. Ṣùgbọ́n owó tí a kò rí san fún òṣèré, a máa ń rí i fún aṣọ ẹbí. Ẹni tí ó bá lè san, kí ó san. Ẹni tí kò bá lè san lónìí, kí ó dúró di ọjọ́ tí yóò rí i, kí ó má gba ẹrù olè. Lónìí, orí fóònù ni àwọn ọ̀dọ́ aláwàdà ń gbé dá wa lára yá. Bí a bá ń gé orúkọ wọn kúrò lára iṣẹ́ wọn, tí a ń pín in kiri bí ohun tí kò ní olówó, ohun tí a ṣe sí Bàbá Sàlá ni a tún ń ṣe.

Bí eégún ẹni bá jó ire, orí a máa yá atọ́kùn rẹ̀. Eégún wa jó ire. Atọ́kùn ni ó ń jókòó tí kò na ọwọ́ sí àpò. Ìgbà tí ẹ̀rín bá tún pa wá, ẹ̀yin ará, kí a tó nu omijé ẹ̀rín náà nù, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè bóyá a ti san án.