Bàbá Tí Ó Wà Lójú Ogun Àti Àwọn Ọmọ Rẹ̀ Kéékèèké

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, obìnrin kan ní àdúgbò wa, tí ó jẹ́ ìyàwó sójà, tọ̀ wá wá pé kí á bá òun kọ ìwé sí ọkọ òun. Ìhà Borno ni ọkùnrin náà wà, níbi tí fóònù kì í ti sábà wọlé. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan tí ó wá sinmi nílé tí ó sì ń padà lọ ni yóò mú ìwé náà dání. A kọ ti owó ilé, a kọ ti owó ilé-ẹ̀kọ́, a kọ ti òrùlé tí ń jò. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí á dì í, a bi í léèrè pé: “Ọmọ yín ńkọ́? Kí ni ó ní kí á bá òun sọ fún bàbá rẹ̀?”

Ó dáhùn pé: “Ẹ ṣáà kọ ọ́ pé ọmọ ń kí i.”

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ni ó wá sọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ fún wa. Ọmọ náà, tí kò ì tíì pé ọdún mẹ́rin, kì í fẹ́ gba fóònù bàbá rẹ̀ mọ́. Bí a bá gbé e sí i létí, yóò jù ú sílẹ̀, yóò sì sá lọ bá àwọn adìẹ. Èyí ń dun bàbá rẹ̀ gidigidi.

Àwa kò lè bínú sí ọmọ náà, nítorí a mọ ọ̀ràn yìí láti ilé wa. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1990, nígbà tí àwọn ọmọ ogun ECOMOG kọ́kọ́ gúnlẹ̀ sí Monrovia ní ilẹ̀ Làìbéríà, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kékeré ni àwa í ṣe. Kò pẹ́ tí a fi rán bàbá wa náà lọ. Àbúrò wa ọkùnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn ni. Fóònù alágbèéká kò sí. Ọdún 2001 ni èyí tí mùtúmùwà ń lò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ wa. Kásẹ́ẹ̀tì ni bàbá wa máa ń sọ̀rọ̀ sí, tí wọ́n sì ń fi rán ẹnikẹ́ni tí ó bá ń bọ̀ nílé. Ní alẹ́, lẹ́yìn oúnjẹ, màmá wa yóò fi í sínú rédíò. Bàbá wa yóò pe orúkọ wa lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn yóò ki oríkì wa, wọn yóò sì pa àlọ́. Bí wọ́n bá ti wí pé “Ààlọ́ o!”, wọn yóò dákẹ́ díẹ̀, kí àwa ọmọ lè rí àyè dáhùn pé “Ààlọ̀!”

Àbúrò wa gbà pé inú rédíò ni bàbá ń gbé. Nígbà tí bàbá wa dé lẹ́yìn ọdún kan àti oṣù díẹ̀, wọ́n na ọwọ́ sí i. Ó figbe ta, ó sì sá lọ sí ẹ̀yìn rédíò, ó ń wá bàbá rẹ̀ níbẹ̀. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n bàbá wa kò rẹ́rìn-ín. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí a ti pa iná, wọ́n jókòó nínú òkùnkùn, wọ́n sì wí jẹ́jẹ́ pé “Ààlọ́ o!” Láti orí ẹní ni ọmọ náà ti dáhùn. Ó dìde, ó sì tọ ohùn náà lọ. Ohùn ni ó mọ̀, kò mọ ojú. Àwòrán bàbá wa kan ṣoṣo tí ó wà nílé, òkè ògiri ni a gbé e kọ́ sí bí àwòrán ọba, níbi tí ojú ọmọdé kò lè dé.

Kì í ṣe ilé tiwa nìkan ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ìyàwó dókítà kan nínú iṣẹ́ ogun ojú omi rí i pé ọmọbìnrin wọn kékeré kò dá bàbá rẹ̀ mọ̀ nígbà tí ó ti ogun Vietnam dé. Obìnrin yìí, Betty Mohlenbrock, ni ó dá ẹgbẹ́ United Through Reading sílẹ̀ ní ọdún 1989, kí àwọn sójà lè máa ka ìwé ọmọdé sínú fídíò ránṣẹ́ sílé. Ní ìpínlẹ̀ Maine, ní ọdún 2006, wọ́n tilẹ̀ ń fún àwọn ìdílé ní àwòrán bàbá tí ó tóbi tó ènìyàn, kí wọ́n gbé e sórí àga nídìí oúnjẹ. Ní tiwa, a kò fẹ́ fi ojú kan irú rẹ̀ ní pálọ̀ lóru. Ṣùgbọ́n a mọ ohun tí wọ́n ń wá.

Ẹ jẹ́ kí á padà sórí ọ̀rọ̀ fóònù. Ọmọ ọdún méjì tàbí mẹ́ta kò mọ̀ ọ́n lò bí àgbà. Bí bàbá bá bi í pé “Ṣé o ti jẹun?”, orí ni yóò mì, láìmọ̀ pé bàbá kò rí òun. Bàbá yóò tún bi í, yóò tún mi orí. Nígbà tí yóò fi di ẹ̀ẹ̀kẹta, ó ti sú u. Kì í ṣe pé kò fẹ́ bàbá rẹ̀. Kí bàbá pa ìbéèrè tì, kí ó kọrin, kí ó pàlọ́, kí ó sọ ti alángbá tí ó wọ inú bàtà rẹ̀ lánàá. Òótọ́ ni pé sójà kò gbọdọ̀ sọ ibi tí ó wà. Ní ìgbà ogun Hitler, àwọn ọ̀gá ológun a máa ka lẹ́tà kí ó tó lọ. Ṣùgbọ́n a kò tíì gbọ́ òfin ogun tí ó ka ọ̀rọ̀ alángbá léèwọ̀.

Ìgbà mìíràn sì wà tí ohùn kò ní dé rárá. Isaac Fadoyebo, ọmọ Emùré-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀, wọ iṣẹ́ ogun ní ọmọ ọdún 16. Ó fara gbọgbẹ́ ní àfonífojì Kaladan ní ilẹ̀ Bọ́mà ní oṣù kẹta ọdún 1944. Àwọn ará abúlé kan níbẹ̀ ni ó fi í pamọ́ fún àwọn ọmọ ogun Japan fún nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án. Ó wà láàyè, ṣùgbọ́n ọ̀nà wo ni ìwé ìbá gbà dé ilé? Ní oṣù karùn-ún ọdún 2013 pẹ̀lú, a gé fóònù alágbèéká ní Borno, Yobe àti Adamawa. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin ìyá, a bẹ̀ yín, ẹ má ṣe máa sọ fún ọmọ pé “Ó ń bọ̀ lọ́la.” Ọmọdé a máa ka ọ̀la. Ẹ wí fún un pé bàbá kò lè pè lónìí, àti pé kò gbàgbé rẹ̀. Ẹ má sì ṣe sọ bàbá di pàṣán pé “Ó ń bọ̀ wá nà ọ́”. Ta ni yóò fẹ́ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ dé?

Àwọn baba ńlá wa mọ bí a ti ń fi nǹkan sọ̀rọ̀ sí ẹni tí ó jìnnà. Owó ẹyọ mẹ́fà ni àrokò tí ó ń wí pé ọkàn mi fà sí ọ, nítorí ẹ̀fà. Èyí ni ó wá sí wa lọ́kàn lọ́jọ́ náà, a sì ní kí obìnrin náà lọ mú ọmọ rẹ̀ wá. A gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lé orí ìwé, a fi pẹ́ńsù fa ìlà yí i ká, ó sì ń rẹ́rìn-ín nítorí pé ó ń rìn ín. A kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé kí bàbá náà fa ti tirẹ̀ sí òdìkejì, kí ó fi í ránṣẹ́ padà.

Láti ọjọ́ náà, ọmọ yìí ti wá sí ẹnu ọ̀nà wa ní ẹ̀ẹ̀mẹta láti béèrè bóyá ẹsẹ̀ bàbá òun ti dé.