Ẹni tó ti lo oògùn olóró rí, ṣé ó lè gba ẹlòmíràn sílẹ̀?

Ìbéèrè yìí ni àwọn òbí ń bi wá jù látìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀. Ìdáhùn mi ni pé ó lè ṣe é, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ní 1971, ní ìlú San Francisco l'Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ John Maher, tí heroin ti di bárakú fún rí, tó sì ti ṣẹ̀wọ̀n, kó àwọn bíi tirẹ̀ jọ sílé kan. Wọ́n pè é ní Delancey Street. Mimi Silbert, obìnrin tó kàwé nípa ọ̀rọ̀ ọ̀daràn, wá dara pọ̀ mọ́ ọn.

Kì í ṣe wọ́dà ló ń ṣọ́ wọn níbẹ̀. Àwọn tó ń gbé ilé náà ló ń darí ara wọn. Ẹni tó dé lónìí á gbálẹ̀. Tó bá ti mọ̀ ọ́n gbá, òun ló máa kọ́ ẹni tó bá dé tẹ̀lé e. Ẹni tó mọ̀wé díẹ̀ á kọ́ ẹni tí kò mọ̀ rárá. Òfin wọn kò pọ̀: kò sí oògùn, kò sí ọtí, kò sí ìjà, kò sí ìhàlẹ̀. Wọ́n ń bá èèyàn kó ẹrù ilé, wọ́n ń se oúnjẹ tà, owó yẹn ni wọ́n fi ń bọ́ ara wọn. Kódà, ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi kọ́ ilé ńlá tí wọ́n ń gbé létí omi.

Ó kéré tán, ọdún méjì lèèyàn gbọ́dọ̀ lò. Ẹ má sọ pé ó pọ̀ o. Oògùn lè kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Àwọn ọ̀rẹ́ àtijọ́ ńkọ́? Àìríṣẹ́ ńkọ́? Ibẹ̀ lewu wà: ẹni tó ti ṣíwọ́ fún ìgbà díẹ̀, tó bá padà lọ lo ìwọ̀n tó ń lò tẹ́lẹ̀, ara rẹ̀ kò gbà á mọ́. Ọ̀pọ̀ ló ti bá a lọ bẹ́ẹ̀.

Wàyí o, ọtí padà gba Maher fúnra rẹ̀ láàárín ọdún 1980 sí 1989. Ó kúrò nílé náà, ó sì kú ní 1988. Ilé náà kò wó, torí pé kì í ṣe orí ẹnì kan ṣoṣo ló dúró lé. Synanon, níbi tí Maher ti gbé rí, kò rí bẹ́ẹ̀. Charles Dederich, ọ̀mùtí tó ti jáwọ́, ló dá a sílẹ̀ ní 1958. Ó gba àwọn kan là lóòótọ́, àmọ́ nígbà tó yá, kò sẹ́ni tó lè yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò mọ́. Ní 1978, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ejò olóró sínú àpótí lẹ́tà lọ́yà kan tó ń bá wọn ṣẹjọ́. Ejò ààyè, ẹ̀yin èèyàn mi!

Àwa tá a wà lókè Ọya níbí náà ti rí tiwa. Ní 2019, ọlọ́pàá ya wọ ilé kan ní Rigasa, ní Kaduna, wọ́n bá ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkùnrin àti ọmọdé níbẹ̀, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ ọ̀pọ̀ wọn. Òbí ló fi ọwọ́ ara wọn mú àwọn mìíràn lọ.

Torí náà, kẹ́ ẹ tó mú ọmọ yín lọ síbikíbi, ẹ béèrè: ta ló ń yẹ ọ̀gá wọn wò? Ṣé ẹ lè bẹ̀ ẹ́ wò láìsọ fún wọn tẹ́lẹ̀? Àwọn tó ti jáde ńbẹ̀ dà, iṣẹ́ wo ni wọ́n ń ṣe? Tó bá jẹ́ ọtí tàbí oògùn oorun bíi diazepam ló ti di bárakú fún un, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó dá a dúró lójijì nílé o, gìrì lè mú un, ó sì lè kú. Dókítà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rí; ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba wà ní Barnawa, ní Kaduna níbí.

Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó fi vóìsì sílẹ̀. Tí kò bá fẹ́ káyé gbọ́, kó fi ránṣẹ́ sí èmi nìkan.