Amọ̀ Tó Ń Di Irin Mú

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ má fojú tẹ́ńbẹ́lú amọ̀. Ní Jiangxi, gúúsù ilẹ̀ Ṣáínà, oòrùn àti òjò ọjọ́ pípẹ́ sọ àpáta di amọ̀, omi sì wẹ àwọn irin tó ṣọ̀wọ́n kúrò lára rẹ̀. Irin inú omi ní agbára iná mànàmáná, ara amọ̀ ní òdìkejì rẹ̀. Ìdí nìyí tí irin fi lẹ̀ mọ́ amọ̀. Ọdún 1969 ni wọ́n ṣàwárí èyí níbẹ̀.

Àwọn awakùsà a da omi iyọ̀ ammonium sulphate sí amọ̀ náà. Ammonium a gba ipò irin, irin a sì bá omi jáde. Òun ni a fi ń ṣe òòfà alágbára. Ṣùgbọ́n iyọ̀ náà ti ba odò àti kànga jẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ wa, bí ẹ bá ń kọ́ ìmọ̀ yìí, ẹ kọ́ bí a ti í dáàbò bo omi mọ́ ọn.