Yíyan Ètò Tí A Ó Fi Tún Fọ́tò Ìdílé Ṣe

Ní ọ̀pọ̀ ilé ní Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́, fọ́tò àwọn àgbà wa ṣì wà nínú àpótí tàbí lára ògiri, tí eruku, ọ̀rinrin àti kòkòrò ń bà wọ́n jẹ́. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sábà máa ń bi wá léèrè pé ètò wo ló dára láti fi tún wọn ṣe nílé. Ohun tí ẹ fẹ́ ṣe àti ẹ̀rọ tí ẹ ní ló yẹ kó pinnu.

Bó bá jẹ́ fóònù nìkan lẹ ní, Snapseed tí Google ń ṣe tó yín. Ọ̀fẹ́ ni. Ó lè gé etí àwòrán, kó tan ìmọ́lẹ̀ sí èyí tó ṣókùnkùn, kó sì pa àbàwọ́n kékeré rẹ́.

Bí ẹ bá ní kọ̀ǹpútà, GIMP ni a máa ń dárúkọ ṣáájú. Láti 1996 ló ti wà fún gbogbo ènìyàn, lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, Mac àti Linux. Ẹ lè lò ó ní èdè Faransé, èyí tó rọrùn fún àwa tí a fi Faransé kàwé. Ó gba sùúrù láti kọ́. Photopea ń ṣiṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìfi ohunkóhun sórí kọ̀ǹpútà. Photoshop lágbára gan-an, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kì í tán, bí ẹ ti ń lò ó lẹ ó máa san án. A ò rí ìdí tí ìdílé tó ní ìwọ̀nba fọ́tò fi ní láti san án.

Ibi tó yẹ ká ti ṣọ́ra jù ni bọ́tìnnì tó ń mú ojú dán. Kò mọ ilà ojú yàtọ̀ sí ibi tí fọ́tò ti họ. A ti rí fọ́tò bàbá àgbà kan tí wọ́n tún ṣe báyìí: inú àwọn ọmọ-ọmọ dùn pé Bàbá ti di ọ̀dọ́, àfìgbà tí ẹnì kan béèrè ibi tí ilà wọn wà. Ilà yẹn ló ń sọ ìdílé tí Bàbá ti wá. Ẹ̀dà mìíràn kò sì sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni fọ́tò Gẹ̀lẹ̀dẹ́: bí a bá yí àwọ̀ rẹ̀ padà, ọ̀dà tí agbẹ́gilére fi kun ère náà ti sọnù fún ẹni tó fẹ́ ṣe ìwádìí lọ́la.

Nítorí náà, ètò yòówù kí ẹ yàn:

- Ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà fọ́tò náà pẹ̀lú skáánà, ní 600 dpi bó bá kéré. Ẹ ṣe ẹ̀yìn rẹ̀ náà bí ìwé bá wà níbẹ̀.
- Ẹ má fọwọ́ kan ẹ̀dà àkọ́kọ́ yìí mọ́. Òmíràn ni kí ẹ máa tún ṣe.
- Ẹ tọ́jú rẹ̀ ní TIFF, nítorí JPEG ń pàdánù díẹ̀ nínú àwòrán ní gbogbo ìgbà tí a bá tún un fi pamọ́.
- Ẹ kọ orúkọ, ìlú àti ọdún sí i, nígbà tí àwọn tó mọ̀ wọ́n ṣì wà láàyè.