Ímeèlì ọlọ́pàá, iṣẹ́ ọ̀daràn

“Ẹ̀mí ẹnì kan wà nínú ewu. Ẹ fún wa ní àdírẹ́sì rẹ̀ kíákíá!” Tí ọlọ́pàá Amẹ́ríkà bá kọ irú èyí, òfin ibẹ̀ gba ilé-iṣẹ́ láàyè láti dáhùn láì dúró de ìwé àṣẹ ilé-ẹjọ́. Ibẹ̀ gan-an làwọn ọ̀daràn ń gbà wọlé.

Ní March 2022, Bloomberg tú u síta pé wọ́n ti fi lẹ́tà ayédèrú tan Apple àti Meta tó ni Facebook lọ́dún 2021. Àdírẹ́sì àti nọ́ńbà fóònù àwọn oníbàárà bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Nígbà míì, inú ímeèlì ọlọ́pàá gidi ni wọ́n ń já wọ̀ kí wọ́n tó kọ̀wé. Ímeèlì nìkan kì í ṣe ẹ̀rí nìyẹn.

Kí ló wá yẹ kí ilé-iṣẹ́ ṣe? Kí wọ́n pe àgọ́ ọlọ́pàá náà, àmọ́ kì í ṣe nọ́ńbà inú lẹ́tà o! Kí wọ́n fúnra wọn wá nọ́ńbà àgọ́ náà. Kí ẹlòmíì tún yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n sì fi ìwọ̀nba ohun tó pọn dandan nìkan ránṣẹ́.

Lóòótọ́, ìdádúró lè pa ẹni tí wọ́n jí gbé. Àmọ́ ìpè kan kì í pẹ́. Àdírẹ́sì tó bá ti dé ọwọ́ ọ̀daràn kò ṣeé gbà padà.